Mo Ní 64, Wọ́n Ní 58: Níbo La Ti Ń Ṣi Kọ́ìnì Wò Kó Tó Dé Ọwọ́ Adíwọ̀n?

Ìbéèrè òǹkàwé: Mo fi kọ́ìnì mẹ́fà ránṣẹ́ sí ilé ìdíwọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà sọ bí kọ́ìnì ṣe dára tó, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu sì yà mí nígbà tí wọ́n padà dé. Dọ́là Morgan 1884-O kan, dọ́là fàdákà Amẹ́ríkà àtijọ́ (lẹ́tà ẹ̀yìn ọdún ni àmì ilé ìtẹwó: O fún New Orleans, D fún Denver, S fún San Francisco), wà níbẹ̀ tí mo fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní dín ní MS-64, ìyẹn kọ́ìnì tí ìlò ò tíì kàn. AU-58, èyí tí ìlò ti kàn díẹ̀, ni wọ́n fún un. Sẹ́ńtì Lincoln 1909 V.D.B. kan tó pupa fòò, wọn ò tiẹ̀ fún un ní nọ́ńbà, wọ́n ní ẹnìkan ti fọ̀ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n níkẹ́ẹ̀lì Buffalo 1926-D tí mo kàn jù mọ́ wọn kí wọ́n lè pé mẹ́fà, tí ìwo ẹfọ̀n ara rẹ̀ kò tiẹ̀ hàn tán, tí mo fún ní VF-30, ìpele èyí tí ìlò ti jẹ dáadáa, lọ́kàn mi, MS-63 ló gbà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ojú mi ni kò ríran ni, àbí àwọn ló ń fi kọ́ìnì wa ta tẹ́tẹ́?

*

Ojú yín ríran dáadáa. Àṣìṣe kan náà ló wà nídìí kọ́ìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ dárúkọ: àwòrán orí wọn lẹ kà, ẹ ò wo awọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń pè ní awọ. Nígbà tí òǹtẹ̀ irin bá gbá pẹlẹbẹ fàdákà mọ́lẹ̀, fàdákà yẹn á ṣàn díẹ̀ láti àárín lọ sí etí. Ìṣàn yẹn máa ń fi àwọn ìlà sílẹ̀ lójú kọ́ìnì. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú lásán ò lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa yí ká bí àgbá kẹ̀kẹ́ bí ẹ bá ń yí kọ́ìnì náà sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ iná. Ìdán tó ń yí yẹn ni awọ kọ́ìnì. Ìka ọwọ́, àpò ṣòkòtò, aṣọ ìnujú, oògùn ìfọ-fàdákà, gbogbo wọn ló ń bó o. Bí ó bá sì ti bó, kì í hù mọ́.

Àwòrán lè pé pérépéré kí awọ ti lọ. Sẹ́ńtì yín nìyẹn. Awọ lè wà digbí kí àwòrán má pé, torí pé òǹtẹ̀ ò wọlé dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Níkẹ́ẹ̀lì yín nìyẹn. Dọ́là yín wà láàárín: àwòrán rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, àmọ́ awọ ti bó lórí àwọn ibi tó yọ sókè jù. Ẹ ka irun obìnrin tó wà lójú rẹ̀, ẹ ka ìyẹ́ ẹyẹ idì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n wà níbẹ̀, ọkàn yín sì balẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí pé bí ìwé àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ṣe ń kọ́ni náà nìyẹn.

*

Ẹnìkan nínú àwọn òǹkàwé ti ń bínú bá yín pé máàkì mẹ́fà gbáko ni wọ́n yọ lára 64 yín. Ẹ má gbà á gbọ́. Ìwọ̀n yìí kò jọ ti ìdánwò ilé-ìwé tí wọ́n ti ń yọ máàkì lọ́kọ̀ọ̀kan.

William Sheldon, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kó kọ́ìnì jọ, ló gbé e jáde ní 1949, fún sẹ́ńtì ńláńlá ti Amẹ́ríkà àtijọ́ nìkan. Èrò rẹ̀ ni pé èyí tó bá gba 70 á níye lórí tó ìlọ́po 70 èyí tó gba 1. Ìṣirò owó yẹn ti kú tipẹ́, nọ́ńbà ló kù. Bí a ṣe ń lò ó lónìí, àwọn tó ti ra kiri ọwọ́ èèyàn wà láti 1 dé 58, àwọn tí ìlò ò tíì fọwọ́ kàn wà láti 60 dé 70. Ẹ wò ó: 40, 45, 50, 53, 55, 58, ó sì kan 60. Kò sí 59. Ògiri ló wà láàárín 58 àti 60, ògiri yẹn ni dọ́là yín kò rí fò. Iye irun tó pé lórí rẹ̀ kò lè gbé e kọjá.

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé èyí tó wà lókè ògiri gbọ́dọ̀ lẹ́wà ju èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dọ́là Morgan kan wúwo tó gíráàmù 26.73, ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n sì máa ń dì sínú àpò kan. Ẹ wá ronú sí nǹkan bíi kílò 27 fàdákà tí wọ́n ń jù sórí ọkọ̀, tí wọ́n ń jù sílẹ̀ nínú yàrá ìpamọ́, tí etí ọ̀kan ń gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ èkejì. Kọ́ìnì tí ẹnikẹ́ni ò ná rí lè jáde níbẹ̀ pẹ̀lú àpá jákèjádò ojú rẹ̀. Àpá kì í ṣe ìlò, nítorí náà yóò gba 60 tàbí 61. Èyí tó ra díẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́, yóò gba 58. Mo ní 58 méjì tí n kò ní fi pààrọ̀ 62 kankan. Ẹ má sunkún nítorí 58 yẹn o.

*

Ẹ padà sí ti tẹ́tẹ́. Ohun mẹ́ta làwọn èèyàn máa ń sọ níbi tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń já wa sílẹ̀ kí a lè tún san owó, kí a tún fi kọ́ìnì ránṣẹ́. Àwọn kan ní wọn kì í wò ó pẹ́, pé ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ni adíwọ̀n ń lò lórí kọ́ìnì kan. Àwọn kan ní kọ́ìnì kan náà lè lọ lẹ́ẹ̀mejì kó gba nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mi ò rí ẹ̀rí kankan fún ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni méjì tó kù. Mo ti fọ́ ike kan rí, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí ilé ìdíwọ̀n máa ń di kọ́ìnì àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. 64 ni wọ́n fún kọ́ìnì tó wà nínú rẹ̀, ọkàn mi sì ń fẹ́ 65. Mo dá a padà síbi kan náà, 63 ló gbà. Ó dùn mí wọra, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi sọ 64 nù. Adíwọ̀n tó ń wo kọ́ìnì kan máa ń ju ẹyọ kan lọ kí wọ́n tó fẹnu kò, síbẹ̀ ojú èèyàn lojú wọn. 63 àti 64 jẹ́ ohun tí ẹni kan náà lè sọ ọ̀kan láàárọ̀ kó sọ èkejì lálẹ́.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń pariwo nìyí: ìjà 63 àti 64 kọ́ ló dé bá yín. 58 sí 64, kọ́ìnì tí wọ́n fọ̀ àti èyí tí wọn ò fọ̀, 30 sí 63. Kò sí adíwọ̀n méjì tó gbọ́ṣẹ́ tó máa bá ara wọn jiyàn lórí ìwọ̀nyẹn. Bí a bá ń fi àṣìṣe kékeré tiwọn bo ńlá tiwa mọ́lẹ̀, ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí a ṣì máa fi owó ránṣẹ́, kí a máa fi ìbínú gba kọ́ìnì padà.

Ní ti ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ náà, kò bí mi nínú rárá. Ẹni tó ti wo dọ́là Morgan lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀ máa ń dá awọ rẹ̀ mọ̀ bí ìyá ṣe ń dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò. Èmi tí n kì í ṣe adíwọ̀n gan-an ti rí i báyìí pé bí mo bá ní láti tẹjú mọ́ kọ́ìnì fún ìdajì wákàtí kí n tó lè sọ pé 65 ni, 64 ni.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti gba ẹ̀kọ́ tèmi, torí mo san owó rẹ̀.

Dọ́là Morgan 1880-S ni. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ ní San Francisco láàárín 1879 sí 1882 lókìkí fún òǹtẹ̀ tó wọlé ṣinṣin. Ilẹ̀ ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibi tí kò sí àwòrán, máa ń dán bíi dígí. Nígbà tí mo rí tèmi tó ń kọ mànà, ọkàn mi ti fò lọ sí 66. Iná gbọọrọ funfun tó wà lókè àjà ni mo fi wò ó. Mo wá mú awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 20, mo ń ka irun orí obìnrin náà ní fọ́nrán-fọ́nrán. Gbogbo irun pé. Mo fi ránṣẹ́. Ó padà dé láìsí nọ́ńbà, wọ́n kọ ọ́ sára ike rẹ̀ pé ẹnìkan ti nu ún.

Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo pa gbogbo iná yàrá, mo tan gílóòbù kan ṣoṣo tó wà lórí tábìlì, mo sì ń yí kọ́ìnì náà díẹ̀díẹ̀ nínú ike rẹ̀. Ní igun kan báyìí, ilẹ̀ tó wà níwájú imú obìnrin náà ṣàdédé kún fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà kan náà bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ẹnìkan ti fi aṣọ nu ún, bóyá kí wọ́n tó bí mi. Mo yí i kúrò ní igun yẹn, ìlà pòórá. Mo dá a padà, wọ́n tún yọ. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́.

Iná gbọọrọ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé yẹn ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká gbogbo ẹ̀gbẹ́, ó ń bo irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Awò ìlọ́po 20 náà ń fi fọ́nrán irun kan hàn mí, ó sì ń gba gbogbo ojú kọ́ìnì yòókù lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà yẹn, iná kan ṣoṣo ni mò ń lò, àwọn yòókù á wà ní pípa. Mo máa ń tẹ́ aṣọ rírọ̀ sábẹ́, torí ọwọ́ lè yọ̀. Mo di kọ́ìnì mú ní etí, ìka mi kì í kan ojú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo máa yí i lójú lásán títí ìmọ́lẹ̀ á fi yípo rẹ̀ tán. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti já nígbà tó ń yí, ibẹ̀ ni mo máa dúró sí. Nígbà náà ni mo tó mú awò, ìlọ́po 5, kì í ju 7 lọ, kí n lè mọ ohun tó já a.

Ẹnìkan ta kò mí lórí èyí, òótọ́ ló sì sọ. Ó ní kì í ṣe gbogbo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ti ara aṣọ wá, pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹwó fúnra wọn máa ń dán òǹtẹ̀ irin, ìlà ìdánrin yẹn á sì hàn lára kọ́ìnì. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí. Ìlà tó ti ara òǹtẹ̀ wá máa ń yọ sókè lórí kọ́ìnì. Bó bá dé ẹ̀bá lẹ́tà tàbí ẹ̀bá àwòrán, á dáwọ́ dúró, á dà bí ẹni pé ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìlà ìnu wọnú kọ́ìnì lọ ni, kò sì bọ̀wọ̀ fún nǹkan kan: ó ń gba orí lẹ́tà, orí ẹ̀rẹ̀kẹ́, orí ìràwọ̀ kọjá. Ẹ wo ibi tí ilẹ̀ pàdé àwòrán, ibẹ̀ ló máa ń jẹ́wọ́.

*

Ẹni àkọ́kọ́ tún kọ̀wé: Mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin inú dọ́là náà ṣú díẹ̀ ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ó rí bí eérú. Ṣùgbọ́n irun òkè etí rẹ̀ náà tẹ́, mo sì ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé bí àwọn ti New Orleans ṣe máa ń rí látilẹ̀ nìyẹn. Èwo ni kí n gbà?

*

Ẹ gba méjèèjì. Ọ̀pọ̀ dọ́là New Orleans ni òǹtẹ̀ wọn ò wọlé tó lókè etí yẹn, àti ní àyà ẹyẹ idì lẹ́yìn. Àwọn ibi tó jìn jù nínú òǹtẹ̀ ni, fàdákà gbọ́dọ̀ gùn wọ́n kún kí àwòrán tó lè pé. Bí agbára ìtẹ̀ ò bá tó, wọn ò ní kún. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí bí ibi tí kò kún ṣe máa ń rí. Ó máa ń rí ṣágiṣàgi díẹ̀, torí ojú tí pẹlẹbẹ náà gbé wọ abẹ́ òǹtẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó sì ṣì ń dán. Ibi tí ìlò bá jẹ ní tirẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀, á sì ṣú bí eérú. Irun tó tẹ́ yẹn, òǹtẹ̀ ló jẹ̀bi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣú yẹn, ìlò ni. Òǹtẹ̀ tí kò wọlé kò lè mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣú.

Ẹlòmíràn ní ó lè má jẹ́ ìlò ọjà rárá, pé kọ́ìnì máa ń fara ra kọ́ìnì nínú ìdì, ó sì máa ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú dúrọ́ọ̀ àwọn tó ń kó o jọ nígbà àtijọ́. Ó ṣeé ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn adíwọ̀n máa ń fojú fo irú rírà bẹ́ẹ̀ díẹ̀ lórí àwọn kọ́ìnì àtijọ́ tó ṣọ̀wọ́n, pàápàá ti wúrà. N kò fẹ́ràn àṣà yẹn, torí ó ń sọ ògiri tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè di ọgbà tó ní ihò. Ṣùgbọ́n 1884-O kò sí lára wọn. Ọ̀pọ̀ àpò rẹ̀ ló jáde láti ibi ìpamọ́ ìjọba Amẹ́ríkà láàárín 1962 sí 1964, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ná rí sì pọ̀ jaburata. Kò sídìí tí adíwọ̀n fi máa ṣàánú èyí tó ti ra.

Níkẹ́ẹ̀lì yín wá ni òdìkejì rẹ̀ gan-an. Òfin tí wọ́n fi ń kọ́ olùbẹ̀rẹ̀ ni pé kí ó wo ìwo: bí ìwo bá pé, ó jẹ́ XF, ìpele tó ga ju VF lọ, bí kò bá pé tán, ó lọ sí VF. Òfin yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún tí òǹtẹ̀ dára. Wọ́n tẹ Buffalo láti 1913 dé 1938, 1926-D sì wà lára àwọn tí òǹtẹ̀ wọn burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwo nìkan dá a lẹ́jọ́ yóò sọ ọmọ tuntun di arúgbó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Ọpẹ́ ni pé ẹ fi kún wọn, torí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ń tà ní iye VF níbi tí olówó rẹ̀ ò ti wo awọ.

*

Bàbà ló máa ń fa ariwo jù. Ẹnìkan ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ lásán lòun fi fọ tòun, kò sí ìlà kankan lára rẹ̀. Òmíràn ní ọtí kíkan. Òmíràn ní ọṣẹ ìfọyín, ó ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lòun fọwọ́ ra á.

Bàbà tuntun ní pupa tirẹ̀, tó ń di àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án. Àwọn adíwọ̀n pín in sí mẹ́ta. RD ni èyí tí pupa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣì tó nǹkan bíi ìdá 95 nínú 100. BN ni èyí tí pupa rẹ̀ kò tó ìdá 5. RB ni gbogbo èyí tó wà láàárín. Ohun kíkan, yálà ọsàn tàbí ọtí, máa ń jẹ òkè bàbà kúrò, á sì gbé pupa mìíràn jáde láti abẹ́. Pupa yẹn jọ ara ẹni tó bóra: ó mọ́lẹ̀, ó ń tàn, ẹni tó mọ àwọ̀ àbínibí á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ti ara rẹ̀ kọ́. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ RD gidi. Ìmọ́lẹ̀ á máa yí lórí ti gidi, lórí ti fífọ̀ á dúró gbagidi síbì kan. Àìsí ìlà kò gbà á sílẹ̀. Ìlà ni ẹ̀rí aṣọ. Pupa tí kò ní ìdán ni ẹ̀rí oògùn.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ mú èyí ju gbogbo ìyókù lọ, ní ti bàbà: bí ẹ bá rí sẹ́ńtì àtijọ́ tí ìlò ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lincoln, tí ọkà ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ́, tó sì tún pupa fòò láti etí dé etí, ẹ má náwó ìdíwọ̀n lé e. Ibi tí ìlò bá ti kàn ni pupa kọ́kọ́ ń kúrò. Ìlò àti pupa tó pé kì í gbé ojú kan.

Ní ti fàdákà, àwọn ọlọ́jà á sọ fún yín pé gbogbo èèyàn ló ń rì í bọ oògùn. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀ lóòótọ́. Èyí tí wọ́n rì bọ̀ wàràwàrà lẹ́ẹ̀kan, tí ìdán rẹ̀ ṣì wà, máa ń gba nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn ń jẹ awọ díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, kọ́ìnì tí wọ́n ti rì bọ̀ léraléra sì máa ń funfun láìní ẹ̀mí. Ẹ ò lè mọ iye ìgbà tí àwọn tó ni ín ṣáájú yín ti rì í. Mo rọ̀ yín, ẹ má fi tiyín kún un lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń ṣe ni pé bí mo bá rí ohun tútù aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára fàdákà, tí PVC, irú ike kan tó wà nínú ọ̀rá rírọ̀, fà, mo máa ń rẹ kọ́ìnì náà sínú acetone gidi, omi tí wọ́n fi ń tú ọ̀dà, tí kò ní òórùn dídùn tàbí àwọ̀ nínú. Ó jìnnà sí iná, fèrèsé wà ní ṣíṣí, n kì í sì í fi nǹkan kan ra kọ́ìnì náà. Acetone ń tú ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, kì í jẹ fàdákà.

*

Díẹ̀ nípa sẹ́ńtì 1943, torí ẹni méjì ti béèrè. Irin tí wọ́n fi zinc bò ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lọ́dún náà, torí ogun nílò bàbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn kan tún bò lẹ́yìn náà láti tà wọ́n fún àwọn tó fẹ́ràn ohun tó ń dán. Bí tiyín bá ń dán gbọ́ingbọ́in, tí ẹ̀bá lẹ́tà rẹ̀ sì wú, tí kò mú, irú rẹ̀ ni. Kò ní gba nọ́ńbà.

*

Èmi náà kò rò pé ọ̀rọ̀ iná àti awò nìkan ni. Ẹni tó ra kọ́ìnì ní owó 64 ti pinnu pé 64 ni kó tó gbé e sábẹ́ gílóòbù. Àwọn àgbà ní ojú olójú ò jọ ojú ẹni. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ojú olójú ló máa ń ríran jù, torí kò sí owó tirẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó tún ojú mi ṣe ni ìwé àjákọ. Mo ní kí ẹnìkan nínú ilé máa fi bébà bo nọ́ńbà ara àwọn kọ́ìnì tí wọ́n ti díwọ̀n, kó máa gbé wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa wò ó, mo máa kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀, mo tún máa kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ó tó ṣí i. Níbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ti ara mi ni mo gbé ga jù, bẹ́ẹ̀ mo sì súnmọ́ ọn lórí àwọn tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Irú kọ́ìnì kan náà, ọdún kan náà, ojú kan náà. Ìwé yẹn ló fi hàn mí. Bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ǹ bá ti sọ fún ara mi lẹ́yìn tó ṣí i pé "63 náà ni mo ní lọ́kàn."

Ẹnìkan ní àwòrán tí òun yà dáadáa tó láti fi díwọ̀n. N kò gbà. Àwòrán ń dúró lójú kan, awọ kọ́ìnì kì í sì í sọ̀rọ̀ bí kò bá yí. Mo ti rí àwòrán tí iná rẹ̀ pọ̀ jù tó sọ 55 di 65, mo sì ti rí èyí tó sọ kọ́ìnì dáadáa di òkú.

Ní ti owó, mo ní òfin kan tí mi ò rú mọ́. Mo máa mú nọ́ńbà tí mo kọ sílẹ̀, mo máa fà á wálẹ̀ ní ìpele kan, mo máa wo iye tí kọ́ìnì náà á tó níbẹ̀. Bí iye yẹn kò bá kájú owó ìdíwọ̀n àti owó ìfiránṣẹ́ lọ àti bọ̀, kọ́ìnì náà dúró sílé. Ọ̀pọ̀ ló dúró sílé báyìí. Mo sì ń gbádùn wọn bẹ́ẹ̀.

*

Ẹni àkọ́kọ́: Ẹ ṣeun. Ṣé kí n wá fọ́ ike 58 náà, kí n gbé e lọ síbòmíràn? Ẹnìkan ní ibòmíràn lọ́wọ́ rọ̀.

*

Ẹ má fọ́ ọ. Láti ìgbà tí ilé ìdíwọ̀n PCGS ti bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí NGC, ilé ìdíwọ̀n mìíràn, sì tẹ̀lé e ní 1987, làwọn kan ti ń gbé kọ́ìnì kan náà láti ike dé ike. Fún kọ́ìnì tó wà lẹ́nu ààlà 64 àti 65, tí owó tó wà láàárín méjèèjì pọ̀, mo lè lóye rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ bó ṣe parí fún èmi. Tiyín kò sí lẹ́nu ààlà. Ẹ ti fi ojú ara yín rí eérú tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò sì bá a dé gbogbo ibi tó bá lọ.

Sẹ́ńtì yẹn náà, ẹ fi sílẹ̀ nínú ike rẹ̀. Ẹ máa gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo bàbà pupa tí ẹ bá tún fẹ́ rà, kí ẹ tó sanwó.

Lálẹ́ òní, ẹ tẹ́ dọ́là àti níkẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lábẹ́ gílóòbù kan, kí ẹ yí wọn pọ̀. Ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gun orí ìwo tí kò pé yẹn kọjá láìjá, ẹ tún wo bó ṣe ń já lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dọ́là.

Ó sì ku ohun kan. Kọ́ìnì mẹ́fà lẹ fi ránṣẹ́, mẹ́ta lẹ sọ fún wa. Èwo nínú mẹ́ta yòókù lẹ bá àwọn adíwọ̀n fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí lẹ sì ń wò lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sọ nọ́ńbà rẹ̀?